Ta ló mọ alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ dáadáa? Ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù ni o

Omo_Itire
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Texas, látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì kò síṣẹ́ méjì mọ́ ju kí wọ́n máa yin ìbọn ayé àtijọ́ ní pápá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má bi mí ohun tó dùn níbẹ̀ o, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Àwòkọ Colt 1860 Army ni ìbọn ọ̀hún, Uberti ti Ítálì ló ṣe é, ojú mẹ́fà ló wà lára sílíńdà rẹ̀ tó ń yí, kì í ṣe katiríìjì ni wọ́n ń kì sí i, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń dà sí ojú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi ọta òjé rìbìtì tẹ̀ ẹ́ wọlé, káàpù, ìdérí kékeré tí hámà máa ń gbá tó fi ń ṣáná, á wà lẹ́yìn. Wọ́n ní táwọn bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ó há nìyẹn, hámà ò ní ṣeé fà, sílíńdà ò ní yí. Ẹni tí wọ́n gbé e fún lọ́hùn-ún fi oṣù mẹ́rin jókòó lé e, ìgbà tó dá a padà bó ṣe wà ló ṣe wà, owó sì ti lọ. Ni wọ́n bá pè mí lánàá pé kí n bá àwọn wá alágbẹ̀dẹ kan ní Mushin àbí Owódé Onírin, pé àwọn tiwa tó ti ń rọ ṣakabùlà láti ayébáyé ò lè má mọ̀ ọ́n tún ṣe, pé àwọn á tú u sí wẹ́wẹ́, àwọn á fi sáàárín bàtà nínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́ ta lẹ mọ̀?

IyaBeji_Yaba
Yéè! Orúkọ ta ni wọ́n fẹ́ kọ sára dúrọ́ọ̀mù yẹn? Tìẹ àbí? Wọ́n á gbé e dé Àpápá, kọ́sítọ́ọ̀mù á tú u, ẹ̀gbọ́n ẹ á wà ní Texas tí wọ́n á máa jẹ bọ́gà, ìwọ lo máa ṣàlàyé. Àbúrò mi, ka òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959 yẹn, ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí wọ́n kà léèwọ̀ pátápátá, wọ́n tiẹ̀ dárúkọ oníkáàpù àti olókùúta iná pẹ̀lú, torí náà má rò pé o lè sọ fún wọn pé ti ayé àtijọ́ ni. Ààrẹ nìkan ló lè fúnni níwèé fún un. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò dín ní ọdún 10. Ọdún 10 nítorí ohun ìṣeré bàbá àgbàlagbà! Sọ fún wọn kí wọ́n kó bàtà nìkan wá o jàre.

OmoAgbede_Mushin
Iya Beji ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí, ẹwìrì ni mo fi ṣeré lọ́mọdé, mi ò sì ní purọ́ fún yín, ẹni tó mọ ṣakabùlà ò mọ èyí. Ṣakabùlà, ọ̀pá kan, ojú kan, ẹ̀tù láti ẹnu, ohun tó máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ ò ju sípíríǹgì hámà àti ojú iná lọ. Èyí tí ẹ̀gbọ́n yín mú dání yẹn, irin kékeré kan ló ń ti sílíńdà yí, irin kékeré mìíràn ló ń dá a dúró, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára wọn mu bíi aago ọwọ́, téèyàn bá fi fáìlì rá ọ̀kan díẹ̀ ju bó ṣe yẹ, ó parí. Bàbá mi máa ń lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ padà ni, kì í ṣe pé ọwọ́ wọn ò dá o. Ohun kan tí méjèèjì jọ ní ni ẹ̀tù, ìdọ̀tí ẹ̀tù dúdú a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí wọ́n bá yìn ín tán tí wọn ò fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, ìpẹtà ni. Omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí wọ́n gbẹ ẹ́ dáadáa, kí wọ́n wá fi epo pa á. Ṣé wọ́n ń ṣe ìyẹn?

Ode_IsaleEko
Mo gbé Amẹ́ríkà pẹ́ kí n tó padà wálé, mo sì ní irú ìbọn yẹn nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, mo tà á kí n tó máa bọ̀. Aburo, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ ohun tó ń ṣe é láìfojú rí i. Tí káàpù bá bú, pàǹtírí rẹ̀ máa ń fò sẹ́yìn, hámà á wọ́ ọ, á bọ́ sínú ìbọn níbi táwọn irin kéékèèké wà, bó ṣe há nìyẹn. Orí tí wọ́n ń fi káàpù lé lórí ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, èyí tó bá ìbọn wá kì í sábà dáa, àwọn kan ń tà á lọ́tọ̀, káàpù tó bá sì jókòó lé e gírígírí ni kí wọ́n lò, nọ́ńbà 10 àti 11 ló wà, àwọn méjèèjì ni kí wọ́n dán wò.

Èkejì, èyí sì ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn lọ́hùn-ún ò mọ̀ torí ìbọn ìgbàlódé ni wọ́n ń tún ṣe lójoojúmọ́: Colt ò ní irin lókè tó so bárẹ̀lì mọ́ ara ìbọn. Irin gbọọrọ àárín tí sílíńdà ń yí lé lórí ló gbé bárẹ̀lì dúró, wẹ́ẹ̀jì, irin ṣóńṣó tí wọ́n ń gbá wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ló sì dè é pọ̀. Ti Uberti, irin àárín yẹn máa ń kúrú, kì í kan ìdí ihò tó wọ̀, torí náà bẹ́ẹ bá ṣe ń gbá wẹ́ẹ̀jì wọlé sí i ni bárẹ̀lì á máa sún mọ́ sílíńdà, títí tí á fi fún un mọ́lẹ̀. Kí wọ́n rí i pé kò sí nǹkan nínú ìbọn o, kí wọ́n yọ bárẹ̀lì, kí wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tún tì í sórí irin yẹn dé ibi tó lè dé, tí etí bárẹ̀lì nísàlẹ̀ bá kọjá etí ara ìbọn dípò kó bá a dọ́gba, irin kúrú nìyẹn. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan nínú ihò náà ló máa tán an.

Ti ẹni tó máa ṣe é, kí wọ́n má wo pátákó ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń fi irú ìbọn yẹn díje, ẹgbẹ́ NMLRA ní Friendship, Indiana, tàbí N-SSA ní Virginia, kí wọ́n béèrè ẹni tó ń tún tiwọn ṣe. Tí wọ́n bá rí ẹni náà, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan péré, "kí lẹ máa ṣe sí irin àárín?" Tó bá ní irin àárín wo, kí wọ́n gbé ìbọn wọn kí wọ́n máa lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti 1968 ò ka irú àwòkọ oníkáàpù bẹ́ẹ̀ sí ìbọn bíi tòní, fífi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn rọrùn díẹ̀, àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ yàtọ̀ síra, kí wọ́n wádìí. Wọn ò sì gbọdọ̀ da ẹ̀tù ìgbàlódé sí i láé, á bú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Omo_Itire
Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo pè wọ́n, mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn. Ti wẹ́ẹ̀jì yẹn, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n ní òòlù làwọn fi ń gbá a wọlé látìgbà yìí, pé àwọn rò pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dáa tó. Etí bárẹ̀lì kọjá lóòótọ́. Wọ́n ti ń wá ẹni tó máa fi irin pẹlẹbẹ yẹn sí i níbi tí wọ́n ti ń díje.
@OmoAgbede_Mushin, wọ́n ń fọ̀ ọ́, àmọ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń rántí.
Dúrọ́ọ̀mù ṣì ń bọ̀ o Iya Beji, bàtà àti ọṣẹ ni. Mo ti ní kí wọ́n ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó dé e.