Màmá tó ní stimulator nínú ẹ̀yìn: kí ni kò gbọdọ̀ kàn án ní yàrá fisiò?

Fisiò Ọmọ Obòkun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá kan tí iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn kò mú ìrora ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ni wọ́n fi spinal cord stimulator, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná díẹ̀díẹ̀ kan mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn láti dín ìrora kù, sí lára lókè òkun. Ó ti padà sí Iléṣà, ó sì di ọ̀sẹ̀ karùn-ún báyìí. Wáyà méjì wà nínú ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì rẹ̀, irú èyí tó ń gba cháájì, wà lábẹ́ awọ ìdí ọ̀tún. Lẹ́tà tí wọ́n fi rán an wá ní kó máa ṣe fisiò, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú àwọn ẹ̀rọ tí à ń lò, èwo ni kò gbọdọ̀ kàn án? Kí ni kò gbọdọ̀ ṣe nílé? Iná wa kì í dúró, báwo ni ti cháájì? Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni pé iná tó máa ń ṣe é lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé èèrà ń rìn ti kúrò níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀gbẹ́ ìhà ló ti ń gbọ́ ọ, ìrora ẹsẹ̀ sì ti padà.

Sísítà Tíátà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó lè ba ayé èèyàn jẹ́ ṣáájú: ẹ má fi shortwave diathermy, ẹ̀rọ tó ń fi agbára rédíò mú inú ara gbóná, kàn án rárá. Ẹ má rò pé bí ẹ bá ti pa stimulator, ewu ti tán. Ẹ má sì rò pé ejìká tàbí orúnkún jìnnà sí ẹ̀yìn. Agbára rédíò tí ẹ̀rọ yẹn ń tú jáde, 27.12 MHz, wáyà inú ara máa ń fà á mọ́ra, ooru rẹ̀ á sì kóra jọ sí ojú irin kékeré tó wà lórí wáyà, nítòsí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an. Ohun tó bá jóná níbẹ̀ kì í padà sí bó ṣe wà. Ní 2001, àwọn dókítà kọ nípa aláìsàn kan ní Amẹ́ríkà tó ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi diathermy tọ́jú fún un lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹnu, ọpọlọ rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ o, kì í ṣe ibi tí wáyà wà.

Microwave diathermy àti ultrasound tí ẹ fi ń tọ́jú iṣan wà nínú èèwọ̀ kan náà. Ultrasound tí wọ́n fi ń ya àwòrán ikùn yàtọ̀ sí ìyẹn, kí wọ́n ṣáà má gbé e lé orí bátìrì. Bí ẹ bá ń lo shortwave fún ẹlòmíràn, ẹ má jẹ́ kí màmá jókòó sí yàrá kan náà. TENS, ẹ̀rọ tó ń fi iná díẹ̀ gba orí awọ láti dín ìrora kù, ẹ fi sílẹ̀, kò ní ohun tó máa fi kún èyí tó wà nínú.

Ẹ tún sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún un ní abẹ́rẹ́ ní ìdí ọ̀tún. Ìdí ni ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì máa ń kọ́kọ́ wò. Abẹ́rẹ́ tó bá wọ àpò bátìrì lè gbé kòkòrò wọlé, bí kòkòrò bá sì ti lẹ̀ mọ́ irin, oògùn apakòkòrò nìkan kì í sábà lé e lọ. Wọ́n á yọ gbogbo ẹ̀rọ náà ni. Bí ibẹ̀ bá wú, kí wọ́n má fi sírínjì fa omi rẹ̀.

Biomed Ilé-Ifẹ̀:
Ohun tí Sísítà sọ nípa diathermy, ẹ fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sẹ́yìn fáìlì rẹ̀.

Nípa ti ìhà, ó jọ pé wáyà ti ṣí. Abẹ́rẹ́ ńlá oníhò ni wọ́n fi ń gbé e wọlé, nítòsí T12 sí L2 (nọ́ńbà egungun ẹ̀yìn ni wọ̀nyí), wọ́n á wá tì í sókè títí orí rẹ̀ á fi dé nǹkan bíi T8 tàbí T9. Kì í wọ inú mùdùnmúdùn. Inú àlàfo epidural, lẹ́yìn awọ tó bo mùdùnmúdùn, ló máa ń wà, kò sì sí ohun tó so orí rẹ̀ mọ́ ibì kankan. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti fi òwú rán an mọ́ awọ líle tó bo iṣan, wọ́n á ká díẹ̀ sílẹ̀ kó lè nà bí ara bá tẹ̀. Àpá tó máa dì í mú máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, màmá ò sì tíì débẹ̀. Bí wáyà bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ìhà ni iná á máa kàn.

Ẹ kọ́kọ́ ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó jókòó, kó dìde. Bí èèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀, mùdùnmúdùn máa ń sún mọ́ wáyà, iná á lágbára sí i. Bó bá dìde, á dín kù. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Bó bá jẹ́ pé ìhà ló ń gbọ́ ọ ní ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó fi rìmóòtù pa á, kí ẹ sì ya ẹ́síréè ẹ̀yìn láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ bèèrè àwòrán tí wọ́n yà ní tíátà lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí, kí ẹ ka egungun ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì. Láìsí àwòrán àkọ́kọ́, ẹ́síréè tuntun ò lè sọ púpọ̀.

Àwọn tó fi í sí i lára lè fi kọ̀ǹpútà wọn ka impedance, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó, ní ojú irin kọ̀ọ̀kan orí wáyà. Ojú tó bá fò sókè fíofío ju àwọn yòókù lọ, wáyà rẹ̀ ti gé, tàbí kò jókòó dáadáa níbi tó ti wọ bátìrì. Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, wáyà pé, ó kàn ṣí ni. Wáyà báyìí sábà máa ń ní ojú 8, nítorí náà bó bá jẹ́ ojú kan tàbí méjì ló fi sún wálẹ̀, wọ́n lè yan ojú mìíràn láìla ara. Bó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jìnnà, tíátà ni. (Irú tó ń ṣiṣẹ́ ní 40 sí 60 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló ń mú ìrìn èèrà yẹn wá. Ẹni tó bá ní irú 10 kHz kì í gbọ́ nǹkan kan lára, ìrora tó padà nìkan ló máa fi mọ̀.)

Títí ọ̀sẹ̀ 8 á fi pé: kó má tẹ̀, kó má lọ́ ara, kó má gbé ọwọ́ kọjá orí, kó má gbé ohun tó wúwo ju kílò 2 lọ. Ẹ má sọ ọ́ báyìí fún un, kò ní yé e. Ẹ sọ pé kò gbọdọ̀ gún iyán, kò gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ kúkurú gbálẹ̀, kò gbọdọ̀ fa omi ní kànga tàbí ru ẹrù, kí ẹlòmíràn bá a wé gèlè. Kó má gun ọkadà lójú ọ̀nà oníkòtò. Ó lè kúnlẹ̀ kí àgbà bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá nàró. Rírìn dára, kó máa rìn lójoojúmọ́.

Cháájì: ohun tí wọ́n ń gbé lé ìdí ní bátìrì tirẹ̀. Òun ni kí wọ́n máa kún nígbà tí iná bá wà, tàbí lórí sólà. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ fi stabilizer sí i. Kó má dúró dìgbà tí ti inú ara bá gbẹ, nítorí àwọn irú kan, bí wọ́n bá gbẹ pátápátá, oníṣẹ́ wọn nìkan ló lè jí wọn. Kó má sùn lé ohun tó ń gba cháájì, ooru rẹ̀ lè jó awọ.

Fisiò Ọmọ Obòkun:
Ẹ ṣé gan-an. A ti dán an wò: ìhà ni ní ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti pa á, ọ̀la la máa ya ẹ́síréè ní ilé ìwòsàn Wesley Guild. Dókítà tún kọ ECG (àyẹ̀wò ìlù ọkàn) àti MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì ńlá yà) fún un. Ṣé kò léwu?

Sísítà Tíátà:
MRI, ẹ dá a dúró. Káàdì tí wọ́n fún un ní orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló lè sọ bóyá irú yẹn lè wọ MRI, pẹ̀lú àṣẹ wo, àti bóyá wáyà tó ti ṣí ṣì wà lábẹ́ àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé pẹ̀lú ìrora ẹ̀yìn tuntun, tàbí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tàbí kò lè tọ̀, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni lókè òkun: ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó mú káàdì rẹ̀ dání. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún ló ń tẹ mùdùnmúdùn.

ECG kò léwu. Iná stimulator lè da ìlà rẹ̀ rú ni, nítorí náà bó ṣe wà ní pípa yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi ya á tán.