Bí a ṣe lè gé fèrèsé àti ilẹ̀kùn ilé páálí láìjẹ́ kí ògiri ya

Olùkọ́ Ìtòrò, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń fi páálí kọ́ àwọn ilé kéékèèké tó jọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ìlú wa, irú èyí tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Páálí bísíkíìtì tí a rà ní ọjà Òkè-Ajé ni a ń lò. Mo ti lẹ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, mo sì ti dé òrùlé lé e kí n tó mú abẹ láti ṣí fèrèsé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ abẹ mọ́ ògiri ni ògiri náà tẹ̀ wọnú, abẹ ré kọjá ìlà ní gbogbo igun, etí ihò náà sì rí jákujàku bí èyí tí eku jẹ. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí mo rí gé dáadáa já bọ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ṣí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Ẹ jọ̀wọ́, irú abẹ wo ni ẹ ń lò, báwo ni ẹ sì ṣe ń mọ bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣe yẹ kí ó tóbi tó?

Bíríkìlà Ìperu

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ mọ ilé tán kí ẹ tó rántí fèrèsé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Bí àwa bá ń mọ ilé gidi, a máa ń fi àyè fèrèsé sílẹ̀ bí ògiri ṣe ń ga ni. A kì í mọ ọ́n dókè tán kí a wá máa fi òòlù fọ́ ọ. Ẹ tẹ́ ògiri sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí tábìlì, kí ẹ fi páálí mìíràn sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gé gbogbo ihò tán kí ẹ tó ṣẹ́ páálí po ní igun ilé tàbí kí ẹ fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù.

Ní ti ìwọ̀n, mo dábàá pé kí ìdajì íǹṣì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ilẹ̀kùn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, yóò ga ní íǹṣì 3½, yóò sì fẹ̀ ní íǹṣì 1½. Fèrèsé tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú lóròó yóò di íǹṣì 2. Ẹ gbé ìsàlẹ̀ fèrèsé náà ga kúrò nílẹ̀ ní íǹṣì 1½, orí rẹ̀ àti orí ilẹ̀kùn yóò sì bọ́ sórí ìlà kan náà, nítorí pé lábẹ́ líńtẹ́ẹ̀lì kan náà, ìyẹn ohun tó dábùú lórí ihò láti gbé ògiri òkè dúró, ni méjèèjì sábà máa ń wà nínú ilé gidi. Bí wọn kò bá dọ́gba, ọmọdé pàápàá yóò sọ pé ilé náà kò jọ ilé, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó ṣe é. Ẹ fi tó íǹṣì kan sílẹ̀ láàárín fèrèsé àti igun ilé, nítorí pé ibẹ̀ ni òpó tó gbé òrùlé dúró.

Ìyá Oníṣẹ́-Ọwọ́, Ìkẹ́nnẹ́

Òótọ́ ni Bíríkìlà sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ abẹ ló jù níbẹ̀. Ẹ lo kọ́tà tí ẹnu rẹ̀ ṣeé ṣẹ́ dànù, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹnu náà nígbàkigbà tó bá ti ń fa páálí dípò kí ó gé e. Rúlà onírin ni kí ẹ lò, torí pé abẹ máa ń gbẹ́ ti oníke, ó sì lè gorí rẹ̀ bọ́ sórí ìka yín. Ẹ má ṣe gé e já lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́, kí abẹ kàn la bébà òkè. Ìgbà kejì, kí ó la inú. Ìgbà kẹta ni kí ó já. Ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ lu igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun wá sí àárín, kí ẹ yí páálí padà, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti igun kejì. Abẹ kò ní rí ọ̀nà ré kọjá igun mọ́. Iṣẹ́ yín nìyí o, Olùkọ́, kì í ṣe ti àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fa ìlà kí wọ́n sì máa lẹ férémù.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí yín, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ ká bíi páànù òrùlé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìlà inú yẹn dúró lóròó nínú ògiri. Ògiri yóò le bí òpó, ilẹ̀kùn yóò sì ṣẹ́ po tààrà lójú ìlà. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ibi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣẹ́ yóò dábùú wọn, yóò sì wó gbágungbàgun. Ó jọ pé ohun tó ṣe ilẹ̀kùn yín nìyẹn. Èmi náà ti fi odidi ilé ìtajà kan ṣòfò kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ gé ojú mẹ́ta ilẹ̀kùn já, kí ẹ sì fi báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán tẹ ojú kẹrin kí ó lè ṣẹ́.

Fún orí fèrèsé tó tẹ̀, ẹ wá ìdérí ìgò tàbí agolo tí ìbú rẹ̀ bá ti fèrèsé dọ́gba, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìdajì rẹ̀. Ẹ gé e ní tààrà kéékèèké yí ìlà náà ká, kí ẹ máa yí páálí dípò ọwọ́ yín, kí ẹ wá fi sáńpépà tí ẹ wé mọ́ báírò ha á títí yóò fi yí.

Adìwé Ìjẹ̀bú-Igbó

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Ìyá, n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ báírò yẹn fún ohun tí ọmọdé yóò máa ṣí lójoojúmọ́. Bébà tí a ń ṣẹ́ lọ ṣẹ́ bọ̀ lójú kan yóò já dandan. Ẹ gé ilẹ̀kùn kúrò pátápátá, kí ẹ fá etí rẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà há nígbà tí ẹ bá kùn ún lọ́dà, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, bí a ṣe ń fi aṣọ di ẹ̀yìn ìwé. Ojú ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí ni kí aṣọ náà wà. Ní ti etí jákujàku, ẹ fi èèpo ìwé àwọn ọmọ tó ti gbó gé férémù tẹ́ẹ́rẹ́ yí ihò náà ká, yóò bo gbogbo àléébù.

Olùkọ́ Ìtòrò, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gé ògiri tuntun lánàá. Igun kan ṣoṣo ni abẹ ti ré kọjá, férémù sì ti bò ó. Fèrèsé àkọ́kọ́ tí orí rẹ̀ tẹ̀ jọ ẹyin tó fọ́, ṣùgbọ́n èkejì dára. Aṣọ ni mo fi di ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ sì ti ṣí i títí ó fi sú wọn, kò já. Kí ni kí n fi ṣe gíláàsì?

Ìyá Oníṣẹ́-Ọwọ́, Ìkẹ́nnẹ́

Ike tó mọ́ gaara tí àwọn tó ń di ìwé máa ń fi bo iwájú rẹ̀ dára gan-an. Ẹ gé e kí ó ju ihò lọ díẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ láti inú kí ẹ tó ṣẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n kí ọ̀dà ti gbẹ, torí pé ọ̀dà tó bá ta sí i kò ní ṣeé nù láìha á.