Lẹ́tà tí mo kọ ní ọjọ́ kọkànlá

Ní ilé-iṣẹ́ kan ní ojú ọ̀nà Asa Dam ní Ìlọrin ni ẹ̀rọ ti gbá ọwọ́ ọ̀tún mi mú, tí ó sì fọ́ eegun ìka méjì. Wọ́n ti tú irin tí ó yẹ kí ó bo ẹnu ẹ̀rọ náà kúrò ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá wa sáré gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì fún mi ní owó ọkọ̀. Inú mi dùn sí i. N kò mọ̀ pé àánú yẹn gan-an ni yóò pa mí lẹ́nu mọ́.

Gbogbo ẹni tí ó wá kí mi ní ilé ni ó ń sọ pé kádàrá ni, kí n dúpẹ́ pé kì í ṣe odindi ọwọ́ ni ó lọ. Ìyá mi mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ó ń to eegun ní Ọ̀fà, ibẹ̀ ni mo sì wà tí n kò bá ẹnikẹ́ni ní ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Alájà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó wa pè mí lórí fóònù, ó sì béèrè bóyá mo ti kọ̀wé. Mo ní ọ̀gá mọ̀, òun ni ó gbé mi. Ó ní, "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní déètì, kádàrá náà kò sì ní kí o má kọ lẹ́tà." Ó ṣàlàyé pé òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún ẹni tí ó fara pa ní ọjọ́ 14 láti fi tó ilé-iṣẹ́ létí, pé ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tí ó ń san owó náà, létí, àti pé ọdún 1 ni mo ní láti béèrè fún owó náà. Kọ́bọ̀ kò gbọdọ̀ ti inú owó oṣù mi jáde fún un. Ilé-iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù wa fún àjọ náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó bá mi kọ lẹ́tà náà: orúkọ mi, ọjọ́, aago, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni a ṣe, mo sì dúró títí akọ̀wé fi fọwọ́ sí èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi, tí ó kọ déètì sí i. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé wọ́n ti dá irin náà padà sẹ́nu ẹ̀rọ, bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti ya àwòrán ẹ̀rọ náà láìsí irin ní ọjọ́ tí mo fara pa.

Nígbà tí ọjọ́ 7 kọjá tí n kò gbọ́ nǹkan kan, mo mú ẹ̀dà tèmi lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà, ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ tó kọ ìwé tiwọn. Mo lọ, mo bọ̀, títí ìsàlẹ̀ bàtà mi fi jẹ, kí wọ́n tó san owó tí mo ná ní ilé ìwòsàn padà. Ti bàbá tí ó to eegun ni n kò rí gbà, nítorí kò fún mi ní rìsíìtì, ojú sì tì mí láti béèrè. Ìka kan kò tíì lè ká mọ́ òkèlè, n kò sì jẹ́ fi ọwọ́ òsì jẹun lójú ìyá mi, nítorí náà ṣíbí ni mo fi ń jẹ àmàlà.