Wọ́n yọ adrenal àbúrò mi, ara ẹ̀ wá ń dúdú sí i

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àrùn Cushing ló ń bá àbúrò mi obìnrin jà. Kókó kékeré kan lára pituitary, nísàlẹ̀ ọpọlọ, ló ń fa àpọ̀jù cortisol, hòmóònù kan tí adrenal ń ṣe. Wọ́n gba imú ṣe iṣẹ́ abẹ, kókó ò tán. Ní 2021 wọ́n yọ adrenal méjèèjì tó wà lórí kíndìnrín. Láti ìgbà náà, oògùn hydrocortisone àti fludrocortisone ló ń lò dípò hòmóònù tí adrenal ń ṣe, lójoojúmọ́, títí ayé. Bí ibà bá mú un, ìlọ́po méjì hydrocortisone ni.

Ara ẹ̀ bọ̀ sípò, a dúpẹ́. Àmọ́ láti bí oṣù mẹ́jọ ló ti ń dúdú. Kì í ṣe ti oòrùn o. Ìlà àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ dà bí ẹni fi yíǹkì fà á, èrìgì ẹ̀ ti ṣú, ojú àpá iṣẹ́ abẹ dúdú bí ìdí ìkòkò. Màámi ní ọṣẹ tó ń lò ni. Èmi ò gbà. Orí tún ń fọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, ó ní òun ò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Dókítà ní ó jọ Nelson's syndrome: kókó yẹn ló ń dàgbà, ACTH, hòmóònù tí kókó náà ń tú jáde tó ń mú ara dúdú, sì ń ga. Ọjọ́bọ̀ la máa ṣe MRI, ìyẹn àwòrán inú orí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀, ṣé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n tún ṣe àbí ìtànṣán? Ṣé àwọ̀ náà padà? Kí ló yẹ ká bi dókítà ká tó fọwọ́ síwèé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ àgbo fún mi.