Bàbá ọmọ mi, ọ̀gá ṣọ́jà, kò fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ mọ́

Ìyá Tọ́pẹ́, Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú ilé o. Látìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ sí Máídúgùrì, kọ́bọ̀ kò wọlé. Ìyá rẹ̀ ní kí n ṣe sùúrù, pé ojú ogun ló wà. Ṣé owó oṣù náà ń jagun ni? Iyán tí mò ń tà kò ká owó ilé ìwé.

Àǹtí Ìjerò: Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ lọ bá àwọn wẹ́fíà l'Ádó. Bí kò bá dá wọn lóhùn, ó di ilé ẹjọ́ ìdílé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ 2003 ní kí òbí gbọ́ bùkátà ọmọ bí agbára wọn ṣe mọ. Èkìtì náà ní tirẹ̀.

Ṣọ́jà Fẹ̀yìntì: Ẹ kọ̀wé sí kọ̀máńdà rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ fi nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sí i.

Ìyá Tọ́pẹ́: Ẹ ṣé, bàbá. Nọ́ńbà ọ̀hún wà lọ́wọ́ mi.