Ọrùn gìtá onígi maple tí a fi òróró pa: ohun tí ojú wa rí

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan béèrè lánàá pé kí ló dé tí ọrùn gìtá òun ṣì ń lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tí òun ti fi òróró pa á. Ìlà méjì ni mo fẹ́ fi fèsì, ó wá di odidi ìtàn, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Oṣù kan gbáko ni n kò fi rí gìtá mi lò.

Gìtá tòkunbọ̀ ni. Igi maple ni ọrùn rẹ̀ látòkè délẹ̀, irú èyí tí iléeṣẹ́ gìtá Fender gbé jáde ní Amẹ́ríkà láti 1950. Igi tó mọ́ lára bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí ọwọ́ kì í pẹ́ hàn lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi lacquer bò ó, ìyẹn kẹ́míkà tó máa ń gbẹ sójú igi tí á sì máa dán. Èyí tó bo tèmi nípọn, ó sì ń dán bíi dígí. Tó bá di nǹkan bí agogo mọ́kànlá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí ìyìn ti gbóná, tí òógùn ti dé ọwọ́ mi, àtàǹpàkò mi kì í yọ̀ lẹ́yìn ọrùn yẹn mọ́, ṣe ló máa ń fà. Mo ti fọwọ́ kan ọ̀kan lára gìtá iléeṣẹ́ Music Man rí. Òróró tí wọ́n ń fi pa ìdí ìbọn pẹ̀lú ìda ni wọ́n ń fi pa ọrùn tiwọn. Ó rí lọ́wọ́ mi bí ọmọ orógùn tí wọ́n ti fi ro ọkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn.

Oṣù kẹfà ni mo bẹ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mo fi téèpù bo iwájú tí fret wà, àwọn irin tínínrín tó dábùú ọrùn gìtá, mo fi sáńpépà 120 ha ẹ̀yìn rẹ̀ (bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe ń ga ló ṣe ń kúná), mo wá da òróró linseed, òróró tí wọ́n ń fún láti ara hóró ewéko flax, lé e lórí. Mo dà á dáadáa, mo ní kí igi mu àmuyó. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Maple kì í ṣe ìrókò tí èèyàn lè fojú rí ihò ara rẹ̀. Igi tó le tó sì dì ni, díẹ̀ ló ń mu, ìyókù á dúró sójú. Òróró linseed kì í sì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń fà mọ́ra tó fi ń dì. Tó bá nípọn, òkè á kọ́kọ́ dì, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́: ó rí bí awọ tó máa ń bo ojú ògì tó ti tutù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù rinrin. Kí ni mo ṣe? Mo tún pa òmíràn lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òróró kejì kì í gbẹ àkọ́kọ́, ṣe ló ń sé e mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo wá gbé e lọ sójú fèrèsé, mo rí i pé àbàwọ́n ti gbà á. Ibì kan pọ́n bí oyin, ibì kejì funfun. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà kọjá dípò kí n tàn án sí i tààrà, àṣírí bá tú. Ibi tó funfun, kẹ́míkà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, òróró kò ráyè wọlé. Nídìí ọrùn, níbi tó ti wọnú ara gìtá, àwọn ìlà tínínrín dúdú dábùú: ojú sáńpépà 120 tí mo fi ha igi lódì sí ìlà ara rẹ̀ ni. Kí òróró tó dé, ojú kò rí wọn. Òróró ló tú wọn fó.

Báyìí ni mo ṣe tún un ṣe. Mo fi tápẹ́ńtáìnì sí àkísà, mo nù ún títí àkísà kò fi pọ́n mọ́. Mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo fi 120 yọ gbogbo ìyókù kẹ́míkà, lọ́tẹ̀ yìí mo tọ ìlà ara igi, mo sì ń tan tọ́ọ̀ṣì wò ó léraléra. Mo fi 220 tẹ̀ lé e, mo fi 320 parí rẹ̀. Mo wá fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún kí irun ara igi lè dìde. Nígbà tó gbẹ, mo tún fi 320 tó ti lò díẹ̀ rá irun yẹn kúrò. Àwọn kan á ní kí a ha á dé 1000. Lójú tèmi, igi tó ti le tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún dán an tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ òróró.

Òróró tí mo lò lẹ́ẹ̀kejì kò kún ṣíbí ìmutíì kan fún gbogbo ọrùn. Mo fi ọwọ́ pa á, mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo wá fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nù ún bí ẹni pé mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ padà. Mo gbé e kọ́ sórí ìṣó ní ihò kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fa okùn, mo tan fáànù sí yàrá náà. Lákòókò òjò, ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń fún un kí n tó tún pa á, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì pa á. Imú ni mo fi ń mọ̀: bí mo bá ṣì ń gbọ́ òórùn linseed, n kì í fọwọ́ kàn án.

Láti Peckham, London

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n mi. Tru-Oil, òróró kan tí wọ́n ṣe fún ìdí ìbọn, lèmi lò, tèmi kò sì ṣe gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, èèpá kéékèèké ló bo gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni da ìyẹ̀fun gààrí lé e. Mo rò pé eruku ni. Mo nu yàrá, mo fọ aṣọ, pàbó ni. Ìgbà tí mo da òróró náà sórí bébà ni mo rí i pé ó ń fà bí omi ilá, ègé tó ti dì wà nínú rẹ̀. Ìgò náà ti pẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti ń gbẹ òróró láti inú ìgò. Mo ra tuntun, èèpá dópin. Ní báyìí mo ń dojú ìgò kọlẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá dé e pa, ohun tó bá máa dì á dì sí ìdí, kì í ṣe sẹ́nu.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi kún un nípa steel wool 0000, kànìnkànìn onírin tó kúná gan-an, tí gbogbo èèyàn máa ń sọ. Mo lò ó nígbà tí ọrùn ṣì wà lára gìtá. Irin wẹ́wẹ́ rẹ̀ fò lọ lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì inú pickup, ohun tó ń gba ìró okùn lára gìtá, mo sì fi gọ́ọ̀mù téèpù ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Díẹ̀ tó kù sára igi, òógùn mú un dípẹtà lẹ́yìn oṣù bíi méjì, tó-tò-tó pupa lábẹ́ òróró. Ẹ tú ọrùn sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo kànìnkànìn onínáílọ́ọ̀nù tí kò ní irin nínú.

Láti Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Èmi kò mọ̀ pé òróró yàtọ̀ sí òróró. Òróró ólífì tí a fi ń ta èèyàn lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà nítòsí, mo bá fi pa ọrùn gìtá mi lẹ́yìn tí mo ti ha á. Ọjọ́ kìíní, ó dán, inú mi dùn. Kò gbẹ títí di òní. Ibi tí àtàǹpàkò mi máa ń sinmi sí, ní ọ̀gangan fret karùn-ún, ti di aláwọ̀ eérú, ó sì ti ń rùn. Mo ti fi tápẹ́ńtáìnì nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́, àbàwọ́n yẹn ló kù. Ṣé kí n fi omi tó ń sọ aṣọ di funfun sí i ni?

Láti Ìbàdàn

Àbúrò, má fi omi yẹn sí i. Òróró kọ́ ló ń mú kúrò, yóò kàn ki omi bọ ara igi ni. Ólífì, òróró ẹ̀pà, epo pupa, kò sí èyí tó ń dì nínú wọn. Rẹ aṣọ sínú tápẹ́ńtáìnì, tẹ́ ẹ lé àbàwọ́n náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nù ún, tún un ṣe títí aṣọ yóò fi máa mọ́. Kan òróró linseed ẹ̀kán kan sí ibẹ̀, dúró lọ́jọ́ méjì. Bó bá ṣì ń lẹ̀, ólífì ṣì wà nínú igi, má tíì pa ìyókù.

Àkísà tí ẹ ń lò yìí ń kó mi lọ́kàn sókè, mi ò gbọ́dọ̀ gbàgbé rẹ̀. Àkísà olóróró linseed tí wọ́n kó jọ sójú kan ló dá iná ilé One Meridian Plaza sílẹ̀ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, lálẹ́ 23 oṣù kejì 1991. Àjà 22 ló ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé alájà 38. Panápaná mẹ́ta kú. Bí òróró náà ṣe ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra ló ń gbóná, tí àkísà bá sì wà ní dídì, ooru kò ríbi jáde. Èmi náà ká síńgílẹ́ẹ̀tì mi sínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi nu òróró, kí n tó mọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ mú un ní ìrọ̀lẹ́, mo ki ọwọ́ bọ ọ̀rá náà: ó gbóná bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, orí okùn ìsáṣọ níta ni mo ń tẹ́ ẹ sí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní yíyanjú, títí yóò fi gan bíi páálí.