Honda ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́: báwo la ṣe ń yí jíà rẹ̀?

Ìyá Olóko, Ìsẹ́yìn:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi fi Honda Recon tòkunbọ̀, ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọ oko, ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, kí n lè máa fi kó ajílẹ̀ wọ oko. Ẹsẹ̀ òsì la fi ń yí jíà rẹ̀, kò sí kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Láàárọ̀, ó máa ń ṣagídí kó tó jí. Bí mo bá sì ti ki jíà kìíní, ṣe ló máa ń ta gìrì síwájú. Rìfáàsì ò tiẹ̀ wọlé rárá. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti gun ọ̀kadà rí, ó ní kò sí ohun tó le ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Mekáníìkì Mọ́níyà:
Ẹ kú oríire, mà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí epo lábẹ́ táǹkì, kí ẹ wá wo bọ́tìnnì tó ń pa ẹ́ńjìnnì bóyá wọn ò fi sí OFF. Àwọn kan ti tú pílọ́ọ̀gì tán kí wọ́n tó rántí wò ó! Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí iná N (ìyẹn ni pé kò sí nínú jíà kankan) tàn. Bí ara rẹ̀ bá tutù, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ẹ fa ṣóòkì, ẹ má fọwọ́ kan tọ́rọ́tù (ibi tí àtàǹpàkò ti ń fún un níná), ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tó ń jí i. Tó bá gbóná díẹ̀, ẹ dá ṣóòkì padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pílọ́ọ̀gì á dú. Inú kọ̀ńténà ló sì ti dé, epo àtijọ́ lè ti dì nínú kàbúrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u fọ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Alberta:
Mà, inú ẹ́ńjìnnì ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré ló ń mú. Ẹsẹ̀ tó bá yí jíà ló sì ń tú u. Ìdí tó fi ń ta gìrì ni pé àtàǹpàkò yín ṣì wà lórí tọ́rọ́tù. Ẹ mú un kúrò pátápátá kí ẹsẹ̀ tó kan jíà. Ẹ fẹsẹ̀ gbé jíà sókè dé òpin, ẹ jẹ́ kó padà wálẹ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ wá fún un níná díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbé jíà dání tó ń fún un níná, tó wá já ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójijì, iwájú rẹ̀ lè gbéra nílẹ̀ kó sì dojú dé e.

Ní ti rìfáàsì, ẹ dúró pátápátá, ẹ wà ní N. Bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà lára bíréèkì ọwọ́ òsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fún bíréèkì náà, ẹ wá fẹsẹ̀ tẹ jíà sísàlẹ̀.

Ọlọ́kadà Àná:
Ṣebí Honda 70 náà ò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́? Kí ọmọ yẹn gùn ún lọ jàre.

Mekáníìkì Mọ́níyà:
Ẹ̀gbọ́n, kílọ́ọ̀ṣì wọn jọra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lẹ ń tẹ jíà Honda 70 tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún un. Ti Recon, òkè ni. Ẹni tó bá wà ní ìkẹta tó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ìkejì ló máa bá ara rẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹsẹ̀. Tí ọ̀kadà bá fẹ́ ṣubú, a máa ń fẹsẹ̀ tilẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò lórí èyí, táyà ẹ̀yìn á gun ẹsẹ̀ ọ̀hún.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Alberta:
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ má gbé èrò sẹ́yìn rẹ̀ o, ẹnì kan péré ni wọ́n ṣe é fún. Kí ẹni tó ń gùn ún dé akoto. Ẹ sì wo ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀: bíi 3 psi ni, táyà á rí bí èyí tó ti jò. Bí wọ́n bá fún un bíi ti mọ́tò, á máa tọ pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ebè.

Ìyá Olóko, Ìsẹ́yìn:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Bọ́tìnnì pupa yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo rò pé hóònù tó bàjẹ́ ni! Rìfáàsì ti wọlé. Àmọ́ ẹni tó lẹ táyà fún wa lánàá, 25 ló fún un.

Mekáníìkì Mọ́níyà:
Háà! Ẹ tú afẹ́fẹ́ yẹn jáde kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, mà.